Yẹ̀rì Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Rán: Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ìwọṣọ Lolita ní Shika

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ máa wọ lolita ní Shika, nítòsí Zaria, yóò rán kì í ṣe gáùn. Yẹ̀rì ni. Mo mọ̀ pé ojú kì í kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Bí èèyàn bá rí àwòrán àwọn ọmọbìnrin Tokyo lórí fóònù, síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ yí wọn ká, léèsì etí aṣọ àti ríbọ́ọ̀nù orí wọn lojú ń bá pàdé, gáùn sì ni ọ̀pọ̀ ń sáré rà. Gáùn á dé, wọ́n á wọ̀ ọ́, síkẹ́ẹ̀tì á lẹ̀ mọ́ itan, inú á sì bà jẹ́. Wọ́n á ní aṣọ ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Bẹ́ẹ̀ ohun tó gbé síkẹ́ẹ̀tì dúró nínú àwòrán yẹn, abẹ́ ló wà, kò sì sẹ́ni tó rà á mọ́ gáùn.

Àdúgbò Harajuku nílùú Tokyo, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù, ni ìwọṣọ yìí ti ṣẹ̀. Ní 1970 ni ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ń pè ní Milk ṣí níbẹ̀, Pink House sì tẹ̀ lé e ní 1973, aṣọ olódòdó àti oníléèsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lójú. Láti 1977 títí di 1998, wọn a máa ti àwọn títì kan ní Harajuku mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kí àwọn èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn gbẹ̀fẹ́. Ojú títì yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi aṣọ tí wọ́n tò jọ fúnra wọn han ara wọn. Baby, The Stars Shine Bright, tó wá di ọ̀kan nínú ilé aṣọ tí wọ́n mọ̀ jù fún lolita, bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Ní 1999, Mana, tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin Malice Mizer, dá Moi-même-Moitié sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn dúdú. Nígbà tó di 2001, ìwé ìròyìn Gothic & Lolita Bible bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọn a sì máa kó bátànì ìránṣọ sínú rẹ̀ nígbà náà kí òǹkàwé lè gé aṣọ tirẹ̀ nílé. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí, torí àwọn kan gbà pé ẹni tí kò ra aṣọ tó ti Tokyo wá kò tíì wọ lolita rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni rírán ti wà nínú rẹ̀.

Fíìmù kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ wò, Kamikaze Girls, tó jáde ní 2004. Láti inú ìwé tí Novala Takemoto kọ ni wọ́n ti mú un. Momoko, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, kì í gbé Tokyo. Ìlú Shimotsuma ló wà, láàárín oko ìrẹsì, reluwé ló sì ń wọ̀ lọ sí Tokyo bó bá fẹ́ ra aṣọ. Gbogbo ará ìlú ló ń wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ jù lọ ni fífi òwú àti abẹ́rẹ́ dárà sára aṣọ, iṣẹ́ ọwọ́ yìí náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí àwọn oníṣòwò aṣọ tó ń júbà fún wá ń wá. Ẹni tó bá mọ Zaria, tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń kó sí ọrùn agbádá àwọn Haúsá níbẹ̀, á mọ ìdí tí mo fi mú ìtàn yìí wá. A óò padà síbẹ̀.

Ẹnì kan tún wà tó yẹ kí ará Shika mọ̀. Ní 2009, ilé iṣẹ́ ìjọba Jàpáànù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè yan ọmọbìnrin mẹ́ta láti máa gbé àṣà ìwọṣọ àwọn ọ̀dọ́ wọn lárugẹ káàkiri ayé. Misako Aoki ló dúró fún lolita. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń wọ lolita ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn. Shika tí a ń wí yìí, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ahmadu Bello ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n, yàtọ̀ sí àwọn tó mọ̀ ọ́n nítorí màlúù àti adìyẹ ibùdó ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì, dókítà, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ gbé wá láti ilẹ̀ Yorùbá kún ibẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ń rò ó pé eré ọmọdé ni, pé kò yẹ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi, ìtàn Aoki tó o láti fi dá ara rẹ̀ lójú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú síkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kò bá ara aláwọ̀ dúdú mu. Ní 1862, ayafọ́tò kan tó ń jẹ́ Camille Silvy ya ọmọ Yorùbá kan ní London. Àìná ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ará Òkè-Odàn, ẹni tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú ní kékeré, tí Ọba Ghezo fi ta ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Forbes, lọ́rẹ ní 1850, tí Ọbabìnrin Victoria sì gbà tọ́jú. Sarah Forbes Bonetta lorúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un. Ọdún tí wọ́n ya fọ́tò yẹn náà ló fẹ́ James Labulo Davies, oníṣòwò ará Èkó, ní Brighton. Nínú fọ́tò ọ̀hún, síkẹ́ẹ̀tì Àìná gbòòrò láti ìbàdí débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè ẹni méjì, ó sì jókòó sí i lára dáadáa. Irú síkẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà náà, pẹ̀lú ti àwọn obìnrin ààfin Faransé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀, ni àwọn aránṣọ Jàpáànù wò kí wọ́n tó gé lolita. Wọ́n gé e kúrú dé orúnkún, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì rọ́pò irin tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ ti àtijọ́. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá bá wọ̀ ọ́ lónìí, ẹnì kan ti ṣíwájú rẹ̀ ju ogóje ọdún lọ.

Ó yá, ẹ mú téèpù.

Ká ní ìdí yín níbi tó ti fẹ̀ jù jẹ́ ínǹṣì 40, tí gáùn tí ẹ fẹ́ rán yóò sì gùn ní ínǹṣì 24 láti ìbàdí dé etí ìsàlẹ̀. Yẹ̀rì gbọ́dọ̀ kúrú jù ú lọ kó má baà yọjú, ínǹṣì 20 sì dára. Ipele mẹ́ta ni yẹ̀rì náà máa ní. Ipele òkè jẹ́ kọ́tìn tó rọ̀, torí òun ló máa fara kan awọ ara. Kó fẹ̀ ní ínǹṣì 44 kó lè gba ìdí kọjá, kó sì gùn ní ínǹṣì 6 lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká orí rẹ̀ fún rọ́bà. Ipele kejì jẹ́ nẹ́ẹ̀tì líle. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti òkè, ìyẹn ínǹṣì 88. Ipele kẹta tún jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìkejì, ó di ínǹṣì 176. Ipele kejì àti ìkẹta yóò gùn ní ínǹṣì 7 níkọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ gé wọn ní 8 kí ojú ìrán lè rí nǹkan jẹ.

Nẹ́ẹ̀tì líle tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń fẹ̀ ní ínǹṣì 60. Bí ẹ bá gé e ní ọ̀já-ọ̀já, tí ọ̀já kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 8, ọ̀já méjì ni ẹ óò so pọ̀ fún ipele kejì, mẹ́ta fún ipele kẹta. Ọ̀já márùn-ún jẹ́ ínǹṣì 40. Ṣùgbọ́n yẹ̀rì onínẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan kò lágbára, kò ní í pẹ́ rọ lulẹ̀. Ẹ ṣe nẹ́ẹ̀tì náà ní ìlọ́po méjì. Ìyẹn gbé e dé ínǹṣì 80, ó lé díẹ̀ ní yáàdì méjì. Ẹ ra yáàdì méjì àbọ̀, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni kíká nẹ́ẹ̀tì náà pọ̀. Ẹ yí ẹ̀rọ sí ẹsẹ̀ òwú tó gùn jù, kẹ́ ẹ rán ìlà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sí etí òkè ọ̀já tó gùn, kẹ́ ẹ má sì dì í lópin. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pín ọ̀já náà sí mẹ́rin ọgbọọgba, kẹ́ ẹ pín ipele tó wà lókè rẹ̀ sí mẹ́rin bákan náà, kẹ́ ẹ fi píìnì kan àmì mọ́ àmì. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá máa fa òwú ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́, ìdá kan lẹ́yìn ìdá kan, títí èyí tó gùn yóò fi sún kì, tí yóò bá èyí tó kúrú dọ́gba. Ẹni tó bá fo ìpín mẹ́rin yìí, tó kàn ń fà á lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òwú á já mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àárín, tàbí kí gbogbo nẹ́ẹ̀tì sá jọ sí ẹ̀yìn, kí iwájú sì gbẹ. Bí ẹ bá ti rán an mọ́ra tán, ẹ wá ọ̀já kọ́tìn ínǹṣì 3 bo etí ìsàlẹ̀ nẹ́ẹ̀tì náà yí ká. Etí nẹ́ẹ̀tì líle máa ń ha ẹsẹ̀, ó sì máa ń fa ìbọ̀sẹ̀ ya.

Bó bá jẹ́ télọ̀ lẹ fẹ́ gbé e fún, ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe máa pè é. Télọ̀ wa mọ káńkán bí ẹni mowó, torí kò sí ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í lò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ káńkán, èyí tó ń gbá ilẹ̀, tí wọ́n tẹ irin tàbí okùn ike sí lẹ́nu, ló máa wá sí wọn lọ́kàn. Ẹ sọ ọ́ kedere pé kò gbọ́dọ̀ sí irin níbẹ̀, pé orúnkún ló ti máa dúró, pé láti ìdí ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, kó má jẹ́ pé ó fẹ̀ nísàlẹ̀ nìkan. Ẹ mú fọ́tò yẹ̀rì náà lọ. Fọ́tò gáùn kò lè fi ohun tó wà lábẹ́ hàn án.

Mo ní ìdí mìíràn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán yẹ̀rì. Bí ẹ bá wá fẹ́ lọ wọn gáùn, yẹ̀rì yẹn ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ síwájú télọ̀. Yẹ̀rì máa ń gbé etí gáùn sókè, ó lè tó ínǹṣì kan tàbí méjì. Gáùn tí wọ́n wọ̀n láìsí yẹ̀rì, tó dé orúnkún dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, máa di ohun tó ń fi itan hàn nígbà tẹ́ ẹ bá dé ilé. Ní Zaria, ẹ kò ní í fẹ́ ìyẹn. Lolita fúnra rẹ̀ pàápàá kò fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ bíbo ara yìí ṣe pàtàkì, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó mú mi gbà pé ìwọṣọ yìí lè gbé ní Shika ju ọ̀pọ̀ ìwọṣọ òkèèrè mìíràn lọ. Síkẹ́ẹ̀tì dé orúnkún ó kéré tán. Èjìká wà nínú búláòsì. Ìbọ̀sẹ̀ gùn dé abẹ́ orúnkún tàbí kó bò ó. Ṣòkòtò péńpé oníléèsì, tí rọ́bà mú lẹ́sẹ̀, wà lábẹ́ yẹ̀rì, kí atẹ́gùn má baà dójú tini. Àwọn Mùsùlùmí tó ń wọ lolita ní oríṣiríṣi ilẹ̀ máa ń fi híjáàbù kún un. Wọ́n á mú àwọ̀ híjáàbù bá ti gáùn mu, wọ́n á sì fi ríbọ́ọ̀nù tàbí òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó máa ń dára gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ kó gùn dé àárín ojúgun, lolita tí wọ́n ń pè ní classic fàyè gba ìyẹn.

Nípa àwọn ẹ̀ka lolita, n kò ní í pẹ́ lórí wọn. Mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù. Sweet fẹ́ràn píǹkì, funfun, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, àwòrán kéèkì àti ehoro. Gothic fẹ́ràn dúdú, pọ́pù àti pupa bíi wáìnì. Classic fẹ́ràn òdòdó kéékèèké, àwọ̀ ilẹ̀, búlúù tó dúdú, gígé tó tutù lójú. Ẹni tó ń gbé Shika, tí eruku pupa ń bá gbé láti ìparí òjò títí òjò mìíràn yóò fi dé, kó rò ó dáadáa kó tó fi gbogbo owó rẹ̀ lé funfun. Classic ni mo máa yàn fún un. Bó bá fẹ́ sweet lẹ́yìn náà, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyẹn.

Gáùn tó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí kò lápá, tí wọ́n ń wọ̀ lé búláòsì. Gbogbo wa la ti wọ irú rẹ̀ rí: pínáfọ̀ ni, bíi ti iléèwé, àyàfi pé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ̀. Bí síkẹ́ẹ̀tì kò bá fẹ̀ tó, yẹ̀rì tí ẹ fi gbogbo agbára ká á pọ̀ yẹn máa há sínú rẹ̀, aṣọ á máa na tàntàn. Àǹkárá tàbí kọ́tìn tó fẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì 45, ẹ jẹ́ kí télọ̀ so ojú mẹ́ta rẹ̀ pọ̀ fún síkẹ́ẹ̀tì, kó sì ká a sí ìbàdí. Yáàdì mẹ́rin máa tó fún gbogbo rẹ̀, á sì ṣẹ́ kù fún ríbọ́ọ̀nù orí. Ẹ ní kó fi láínìn sí òkè aṣọ, kó sì fi òwú rọ́bà ká ẹ̀yìn pọ̀ láti abẹ́ èjìká dé ìbàdí. Ohun tí àwọn ilé aṣọ Jàpáànù ń ṣe nìyẹn kí gáùn kan lè gba oríṣiríṣi ara. Ó wúlò fún wa náà, torí ìwọ̀n wọn kéré sí ti ọ̀pọ̀ obìnrin wa ní àyà àti ní ìdí. Gáùn tuntun láti ilé aṣọ ńlá ní Tokyo sábà máa ń tó 25,000 sí 40,000 yen, kẹ́ ẹ tó san owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Kí èèyàn san gbogbo ìyẹn tán, kí síìpù má lè pa dé, ọ̀rọ̀ ẹkún ni.

Aṣọ tí ẹ máa fi rán an kò gbọ́dọ̀ máa dán bí dígí. Sátíìnì olówó pọ́ọ́kú ni ohun tó ń sọ gáùn di aṣọ eré orí ìtàgé kíákíá. Kọ́tìn tó wúwo díẹ̀ ló dára jù. Àwọn ará Jàpáànù fẹ́ràn aṣọ tí àwòrán rẹ̀ tò sí etí ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì, tí òkè rẹ̀ sì ṣófo. Irú àǹkárá bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àdìrẹ lè ṣe é. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo lè bẹ aláàdìrẹ pé kó fi ẹ̀kọ ya ọnà sí etí aṣọ kan ṣoṣo, kó sì rẹ ìyókù ní búlúù lásán. Kò sí ilé aṣọ kankan ní Harajuku tó lè ta èyí fún yín. Ẹ má sì ní kí télọ̀ tàbí atẹ̀wé-sáṣọ ṣe àdàkọ àwòrán tí ilé aṣọ kan yà fún gáùn tirẹ̀. Àwọn tó ń wọ lolita kì í fojú rere wo ìyẹn, wọ́n sì jàre. Gígé aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́ lọ́dọ̀ wọn, kẹ́ ẹ fi àwòrán tiyín sí i.

Léèsì ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti máa ń rí i pé obìnrin Yorùbá ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀hún kó tó dé kíláàsì. Láàárín àwọn tó ń wọ lolita, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò láti mọ aṣọ tó dára ni léèsì rẹ̀. Bó bá jẹ́ nẹ́lọ́ọ̀nù tó ń dán, tó ṣófo, tó ń gún ọwọ́, wọ́n á ti mọ̀ pé ayédèrú ni. Kọ́tìn oníhò tí wọ́n rán etí rẹ̀ ní àránmọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ wò ó, láti nǹkan bí 1960 ni àwọn aláṣọ ìlú Lustenau ní Austria ti ń hun léèsì ránṣẹ́ sí ọjà wa, àwọn ìyá wa sì ti fọwọ́ pa á, wọ́n ti nà án sí oòrùn wò, wọ́n ti mọ ojúlówó yàtọ̀ sí gbàrọgùdù láìwo orúkọ tó wà létí rẹ̀. Ẹ mú ìyá yín dání lọ sọ́jà bí ẹ bá fẹ́ ra léèsì lolita. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó ṣẹ́ kù lára léèsì aṣọ ẹbí àtijọ́ náà tún wà nílé, nínú àpótí. Ọ̀já ínǹṣì méjì-méjì tí ẹ bá gé lára rẹ̀ tó láti yí etí síkẹ́ẹ̀tì ká.

Lẹ́yìn léèsì, iṣẹ́ òwú. Zaria kì í ṣe ìlú tí wọ́n ń kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń kó iṣẹ́ sára babanríga níbẹ̀ mọ àwòrán tí wọ́n ń pè ní aska takwas, ọ̀bẹ mẹ́jọ, àti aska biyu, ọ̀bẹ méjì, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀rọ tò sí igbá àyà agbádá. Ẹ fojú inú wo ìdá kékeré nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òwú funfun lórí búlúù tó dúdú, ní àyà pínáfọ̀ tàbí ní etí kọ́là búláòsì. Ẹni tó bá ṣe é á ní aṣọ tí wọ́n á mọ ìlú tó ti wá. Ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má na owó iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀, ẹ sì gbé aṣọ náà lọ kí télọ̀ tó rán an pọ̀, torí ó ṣòro láti kó iṣẹ́ sára ohun tí wọ́n ti ká tán.

Búláòsì kò yẹ kó gba owó púpọ̀. Ní Sábó ní Zaria, níbi tí wọ́n ti ń ta gwánjò, èyí tí àwa ní ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní òkìrìkà, búláòsì funfun tí kọ́là rẹ̀ rí róbótó, tí apá rẹ̀ wú díẹ̀, máa ń wà nínú òkìtì náà fún ẹni tó bá fara balẹ̀ tú u. Láti Shika, ẹ gba Samaru kọjá ni. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bẹ́ẹ̀lì tuntun. Ẹ wo abẹ́ apá rẹ̀, ẹ wo bọ́tìnnì, ẹ wò ó bóyá kọ́tìn ni. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun kún un, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rán léèsì mọ́ kọ́là àti ẹnu ọwọ́ rẹ̀. Bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ síléèwé, oníbẹ́líìtì kan lórí ẹsẹ̀, tí imú rẹ̀ rí róbótó, bá lolita mu láìsí àtúnṣe. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn ti akẹ́kọ̀ọ́ náà bá a mu. Fún orí, ríbọ́ọ̀nù tí a fi aṣọ gáùn ṣe, tí gọ́ọ̀mù sítéè wà nínú rẹ̀ kó lè dúró, la ó rán mọ́ ìdè orí. Irun dídì wa gbé e dáadáa. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti wá wíìgì aláwọ̀ wúrà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí ó dára jù láti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde ni àkókò ọyẹ́, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, nígbà tí òtútù Zaria ń mú gbogbo èèyàn wá aṣọ wíwúwo kiri. Aṣọ onípele mẹ́rin kò ní í ni yín lára nígbà yẹn. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, oòrùn máa ń mú débi pé n kò ní í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti wọ nẹ́ẹ̀tì onílọ̀ọ́po méjì rìn lọ́sàn-án. Ẹ fi sí ìrọ̀lẹ́, tàbí kẹ́ ẹ fi sí ibi tí fáànù wà. Nínú kẹ̀kẹ́ NAPEP, ẹ kó síkẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀yìn wá síwájú kẹ́ ẹ tó jókòó, kó má baà fún pa, kẹ́ ẹ sì gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́.

Wọ́n á wò yín, ìyẹn dájú. Àwọn ọmọdé lè máa pè yín ní amarya, torí ìyàwó nìkan ni wọ́n ti rí nínú síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kí wọn padà, ẹ rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó bá bi yín léèrè ohun tí aṣọ náà jẹ́, ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ ṣàlàyé fún un ní Haúsá tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Inú mi dùn sí aṣọ tó bá lè mú kí àlejò àti onílé bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ má wọ̀ ọ́ wọ wọ́ọ̀dù aláìsàn o. Nẹ́ẹ̀tì àti léèsì máa ń kó eruku, wọn kì í sì í ṣeé fi kọjá láàárín ibùsùn láìfa nǹkan.

Fún àwọn tó máa wá ìmọ̀ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ má kọ orúkọ ìwọṣọ náà nìkan sí Google. Ìwé ìtàn tí Vladimir Nabokov kọ ní 1955 ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó fi ìyà jẹ ọmọdé ló wà nínú rẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn burúkú sì ti lẹ̀ mọ́ orúkọ náà kò yẹ kí ọ̀dọ́ rí. Àwọn tó ń wọ aṣọ yìí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìyẹn. Orúkọ ilé aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ, Innocent World tàbí Angelic Pretty, ojúlówó aṣọ lẹ óò sì rí. Ìyá tó bá ń ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kó bá a jókòó ti fóònù náà.

Ìtọ́jú kò le. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ yẹ̀rì, nínú omi tútù, kẹ́ ẹ má fún un. Ẹ fi orí rẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀, etí nẹ́ẹ̀tì sí òkè, kó lè gbẹ láìrọ lulẹ̀. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kan nẹ́ẹ̀tì, yóò yọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àpótí. Lórí háńgà ni kó wà. Bó bá pẹ́, tí ipele ìsàlẹ̀ bá rẹ̀, ipele yẹn nìkan lẹ óò tú kúrò, kẹ́ ẹ gé ọ̀já mẹ́ta tuntun fún ìlọ́po kọ̀ọ̀kan rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ télọ̀ yín, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó kọ́kọ́ gé pínáfọ̀ náà sórí pépà kó tó gé aṣọ, kó kọ ìwọ̀n yín sí i lára, kó sì fún yín ní pépà náà mú lọ. Ẹ san owó lé e bó bá béèrè. Èyí tó gba ọjọ́ púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni àyà aṣọ, ibi tí yóò ti jókòó àti ibi tí ọrùn yóò dé, pépà yẹn sì ti parí ìyẹn. Nígbà tí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá dé, tí aṣọ yáàdì mẹ́rin mìíràn bá wà nílé, ẹ gbé pépà, aṣọ àti yẹ̀rì yẹn lọ bá a pọ̀. Yẹ̀rì kan náà lè gbé gáùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin.